Dídè àti Títú Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí dá lórí ọkọ̀ ìsáré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ni awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè, tí ó sì tún ń tú?

Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tọ̀ kì í gùn dọ́gba. Ẹsẹ̀ òde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Ti iwájú sì ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn. Bí a bá de gbogbo wọn pọ̀, taya yóò máa ha ilẹ̀, irin yóò sì máa lọ́. Ìdí nìyí tí a fi ṣe difarẹ́ńṣà, ẹ̀rọ tí ó ń pín agbára, tí ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú ọkọ̀ yìí: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàrin.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára yìí ní àbùkù tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, yóò máa yí lófo, àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ líle kò sì ní rí agbára tó láti gbé ọkọ̀ lọ. Bí a bá de difarẹ́ńṣà àárín, agbára yóò dé ẹ̀yìn dandan.

Audi Quattro tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1980 ní irú ìdè yìí, ṣùgbọ́n kò ju kí awakọ̀ dè é pátápátá tàbí kí ó tú u pátápátá. Subaru ti ilẹ̀ Jàpáàn fi ọgbọ́n kún un. Láti 1994, àwọn kan nínú ọkọ̀ Impreza WRX STI ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí awakọ̀ ń fi ìka yí. Iná mànàmáná yóò sọ irin di òòfà, òòfà yóò sì fún àwọn àwo irin pẹlẹbẹ pọ̀ nínú difarẹ́ńṣà àárín. Bí ó bá ti yí i tó ni ìdè yóò ṣe le tó. Nínú àwọn tí a ṣe kẹ́yìn, bí ìdè bá tú, ìpín 41 nínú 100 agbára ń lọ síwájú, 59 ń lọ sẹ́yìn.

Ǹjẹ́ kí awakọ̀ máa dè é nígbà gbogbo? Rárá o. Ìdè líle dára lórí ẹrẹ̀ àti yìnyín. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà híhá lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọkọ̀ tí a dè kì í fẹ́ yà. Imú rẹ̀ yóò máa fà sóde, ó sì lè gbé awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Kọ̀ǹpútà lè ṣe ìdè náà fúnra rẹ̀ nínú àwọn tí ó dé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ ń ṣe lọ́wọ́ ni ó ń mọ̀. Ojú awakọ̀ ni ó ń rí ẹrẹ̀ tí ó wà níwájú. Nítorí náà, ẹni tí a bá fi ìdè lé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀.