Ìrísí Ilé àti Ìmìtìtì Ilẹ̀

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ilé tí a bá fi irin ṣe egungun rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìmìtìtì ilẹ̀. Òótọ́ ni pé irin a máa tẹ̀ kí ó tó dá, títẹ̀ náà ni ó sì ń pa agbára ìmìtìtì kù. Ṣùgbọ́n bí ilé kò bá gún régé, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo títẹ̀ náà yóò dà lé. Ibi tí okùn bá ti tín-ín-rín ni ó sì ti ń já.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àléébù yìí sábà máa ń gbà wọlé. Èkínní ni ìsàlẹ̀ tí ó ṣófo: a gbé òpó gíga sí ìsàlẹ̀ nítorí ìsọ̀ tàbí ọkọ̀, a sì mọ ògiri sí gbogbo àjà òkè. Bí ilẹ̀ bá mì, òkè yóò lọ gbọngbọn bí àpótí, òpó ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò máa tẹ̀. Èkejì ni ilé tí agbára rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan: ńṣe ni yóò máa lọ́, òpó tí ó jìnnà jù sí ẹ̀gbẹ́ líle náà ni yóò sì jìyà jù. Ẹ̀kẹta ni ilé ẹlẹ́ka méjì tí ó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́: ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń mì lọ́nà tirẹ̀, igun tí wọ́n ti pàdé ni ó sì ń ya.

Ìlú Mẹ́síkò, tí a tẹ̀ dó sórí ilẹ̀ adágún àtijọ́, rí irú àjálù bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú. Ní Pino Suárez, ilé irin alájà 21 kan wó lu alájà 14 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárín òpó díẹ̀ péré ni a ti fi irin dàgẹ̀rẹ̀ gbé e ró. Nítorí náà, àwọn òpó wọ̀nyí ni gbogbo ẹrù ya bò. Irin pẹlẹbẹ tí a jó pọ̀ bí àpótí láti fi ṣe wọ́n sì ká kò. Ní ìlú kan náà, ilé gogoro Latinoamericana, alájà 44, tí a parí ní 1956, kò wó. Irin ni egungun tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n a ti ṣírò ìmìtìtì mọ́ ọn, a sì ri òpó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kọjá ẹrọ̀fọ̀ dé ilẹ̀ líle.

Èyí kò sọ pé kí gbogbo ilé rí bákan náà. A lè pín ilé ẹlẹ́ka méjì sí méjì, kí àlàfo tí ó tó wà láàrin wọn. A lè fi kún agbára òpó ìsàlẹ̀. A sì lè pín irin ìgbéró yí ilé ká lọ́gbọọgba. Ṣùgbọ́n orí ìwé àwòrán ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ti rọrùn jù. Bí ilẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀pa kò bóró mọ́.