Àpá Tó Ń Wú Lẹ́yìn Tí Egbò Ti Jiná

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe àlejò abẹ. Àwọn olólà ti bu àbàjà, wọ́n ti ṣá gọ̀ǹbọ́, kí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003 tó ka ilà kíkọ fọ́mọ léèwọ̀. Ojú ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kọlà fún jiná pẹrẹsẹ. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, ihò yẹtí lásán ló di kókó lẹ́yìn etí rẹ̀. Kí ló fà á?

Bí egbò bá ń jiná, ara a máa pèsè fọ́nrán líle tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìnì láti fi dí i. Tó bá dí tán, ó yẹ kó ṣíwọ́. Lára ẹni tó ní irú àpá tí wọ́n ń pè ní kẹ́lọ́ìdì, kì í ṣíwọ́: àpá á le, á máa yún, á sì tàn kọjá ibi tí abẹ dé. Èyí tó wú ṣùgbọ́n tí kò kọjá ojú egbò kì í ṣe kẹ́lọ́ìdì. Ó lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kẹ́lọ́ìdì máa ń rìn nínú ìdílé, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀. Etí, àyà, èjìká àti àgbọ̀n ló fẹ́ràn jù.

Ẹ má tètè ní kí wọ́n gé e. Bí wọ́n bá gé e lásán, ó sábà máa ń hù padà, òmíràn a sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà á fa oògùn triamcinolone, á gún un sínú àpá náà gan-an, á sì máa tún un gún ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Àkọ́kọ́ máa ń dunni, torí pé àpá náà le; bó bá ti ń rọ̀, oògùn á máa wọlé wẹ́rẹ́. Awọ ibẹ̀ lè funfun fúngbà díẹ̀. Bó bá tóbi jù, wọ́n á gé e, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ tàbí ìtànṣán tẹ̀lé e kó má baà padà.

Níwọ̀n bí egbò kékeré ti lè di kẹ́lọ́ìdì, yíyọ àmì dúdú ara náà gba sùúrù. Àwọn kóró dúdú wẹ́wẹ́ tó ń hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà kì í pani lára. Ẹni tó bá fi ásíìdì jó àmì àyà rẹ̀ lè fi àmì bíńtín ra kẹ́lọ́ìdì ńlá. Ṣùgbọ́n àmì tó bá ń tóbi, tó ń pàwọ̀ dà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí dókítà gé e, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná yín pẹ̀lú: abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa olórin Bob Marley ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀.

Fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì LAUTECH àti ti Yunifásítì Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá di dandan kí abẹ kàn yín, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú pé àpá máa ń wú lára yín. Bí kẹ́lọ́ìdì bá sì wà nínú ìdílé, kí ọmọbìnrin tó ti lé ní ọdún 11 tí wọn kò tíì lu etí rẹ̀ fi yẹtí tí wọ́n ń há mọ́ etí ṣoge.