Ta Ló Mọ Orúkọ Kòkòrò Yìí?

Ẹni tó bá ṣe áàpù tí àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ, òdòdó tàbí kòkòrò ti lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ onímọ̀ kò ní í wá oníbèérè tì. Onímọ̀ ló ṣòroó dá dúró. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí owó níbẹ̀, ìbéèrè kan náà sì máa ń sú èèyàn.

iNaturalist dá ọgbọ́n sí i. Ọdún 2008 ni akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, Nate Agrin, Jessica Kline àti Ken-ichi Ueda, gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá oyè másítà wọn ní Yunifásítì California, Berkeley. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ oníbèérè kò pọ̀: àwòrán tàbí ohùn, ọjọ́, àti ibi tó ti rí nǹkan náà. Ohun tí onímọ̀ ì bá kọ́kọ́ bi í náà nìyẹn. Ẹni tó sì jẹ́ pé aláǹtakùn orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló mọ̀ lè ṣa tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má rí labalábá ẹnikẹ́ni.

Kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé-ẹ̀rí. Ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n kò wúwo ju ti ọmọ iléèwé lọ. Bí ó kéré tán èèyàn méjì bá dárúkọ ẹ̀yà kan náà, tí àwọn tó fara mọ́ ọn sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, àkọsílẹ̀ náà gba àmì "Research Grade", ó sì lè dé GBIF, àkójọ dátà ohun abẹ̀mí tó fìdí kalẹ̀ sí Copenhagen. Òdòdó inú ìkòkò kì í gba àmì yìí, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ètò náà ní àlèébù. Ẹni tó ya àwòrán wà lára àwọn méjì ọ̀hún. Láti 2017, kọ̀ǹpútà tó kẹ́kọ̀ọ́ lára àwòrán tí àwọn èèyàn ti sọ lórúkọ náà ti ń dábàá orúkọ. Aláìmọ̀kan á mú orúkọ tó kọ́kọ́ jáde, aláìmọ̀kan kejì á ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ onímọ̀ kan ṣoṣo tó bá takò wọ́n lè mú kí àmì náà bọ́, torí méjì nínú mẹ́ta kò tíì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Ibi tí wọ́n ti rí nǹkan ni iNaturalist ń ṣọ́ jù. Ti ẹ̀yà tó bá wà nínú ewu àkúrun kì í hàn síta: wọ́n á kàn ju àmì rẹ̀ síbi kan nínú àyè tó lè fẹ̀ tó kìlómítà 22. Àwọn tó ń jí ẹranko pa náà ní fóònù.