Ẹni tó ra ẹṣin, ṣé ó lówó koríko?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Èkó, mo mọ bí Mustang tòkunbọ̀ ṣe máa ń wọni lójú. Bí ẹni tó ń tà á bá ti fi iná sí i, ohùn ẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò, owó á fẹ́ẹ́ fò jáde lápò. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o. Ẹ kọ́kọ́ la ojú yín ni.

Máìlì ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà fi ń ka ìrìn. 120,000 tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ lé ní 190,000 kìlómítà. Wọ́n sì lè dá òǹkà yẹn padà sẹ́yìn. Mẹkáníìkì tiyín ni kó yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

Òfin ni mo kà, ibi ìwé ọkọ̀ ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Èèyàn ò lè ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Bó bá jẹ́ mọ́tò tí wọ́n jí ni, ẹni tó ni ín lè gbà á lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ wá máa wá ẹni tẹ́ ẹ kówó fún kiri. Nọ́ńbà VIN, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, gbọ́dọ̀ bá ìwé aṣọ́bodè mu.

Ìnṣọ́ránsì third party tí òfin ní ó pọn dandan ńkọ́? Ẹni tẹ́ ẹ bá kọlù ló wà fún. Mọ́tò tiyín, àpò yín ni.

Ẹṣin ni àmì Mustang. Ẹni tó fi gbogbo owó ẹ̀ ra ẹṣin, kí ló fẹ́ fi ra koríko?