Láti oko kọfí dé ògiri oníke: Ta ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ abúlé ní Côte d'Ivoire?

Tí o bá jáde ní Abidjan, tí o forí lé ìgbèríko, ilé kan wà tí wàá máa rí láti abúlé kan dé òmíràn. Ilé gbọọrọ oníyàrá mẹ́ta ni, páànù ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì dá ihò sí ara ògiri rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Òpó àsíá ló wà níwájú rẹ̀. Wọ́n á kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ara ògiri náà: EPP.

Ìtumọ̀ lẹ́tà náà ní èdè Faransé ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Àwọn ọmọkùnrin ń wọ káàkí lọ síbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì ń wọ aṣọ tó ní àmì búlúù àti funfun.

Ilé yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé bọ́ọ̀sì ń ná Èjìgbò sí Abidjan, èdè Faransé sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà nílùú náà. Anango ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pe Yorùbá. Ọ̀pọ̀ Anango ló jẹ́ pé abẹ́ páànù ilé ẹ̀kọ́ ìjọba yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ìwé kà.

Àmọ́, ta ló kọ́ ilé náà? Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn tó bí èèyàn ṣe rò. Oníṣòwò wà nínú rẹ̀, ìjọba amúnisìn wà nínú rẹ̀, ìjọba Côte d'Ivoire náà wà níbẹ̀. Àwọn tí a kì í sábà dárúkọ ni bàbá àti ìyá tó ru igi, tó po amọ̀, tó sì dá owó.

Oko kọfí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀

Ilé ẹ̀kọ́ tí ìtàn kà sí àkọ́kọ́ ní Côte d'Ivoire ṣí ní ọdún 1887 ní Elima, abúlé kan létí ọ̀sà Aby, ní ìhà ìlà oòrùn Abidjan. Inú oko kọfí Arthur Verdier, oníṣòwò ará Faransé kan, ló wà.

Ẹni tó ṣojú Verdier níbẹ̀ ni Marcel Treich-Laplène. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé Abidjan rí mọ orúkọ yìí láì fura, torí pé òun ni wọ́n fi sọ àdúgbò Treichville lórúkọ. Fritz-Émile Jeand'heur ni orúkọ olùkọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìwé. Ní ọdún 1890, wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ náà kúrò ní Elima lọ sí Assinie, létí òkun.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún wọ̀nyí síra wọn. Ọdún 1893 ni ilẹ̀ Faransé tó kéde Côte d'Ivoire ní ilẹ̀ tó dá dúró lábẹ́ àkóso rẹ̀. Èyí fi hàn pé ilé ẹ̀kọ́ yìí fi ọdún mẹ́fà ṣẹ̀gbọ́n ìjọba tó wá jogún rẹ̀.

Ó tún yàtọ̀ sí tiwa. Ní Badagry, àwọn ajíhìnrere ló kọ́kọ́ kó ọmọ jọ láti kọ́ wọn ní ìwé ní àwọn ọdún 1840, torí wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò ka Bíbélì. Ní Elima, oníṣòwò ló nílò ẹni tó gbọ́ Faransé. Ohun tí kálukú ń wá ló mú kó kọ́ ilé.

Ọ̀nà tóóró tó lọ sí Bingerville

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1903, ìjọba amúnisìn tó wà ní Dakar gbé òfin jáde lórí ètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Òfin náà to ilé ẹ̀kọ́ bí àkàbà. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ló wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti sọ Faransé, láti kà àti láti ṣírò. Ọmọ tó bá mókè á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹkùn. Díẹ̀ nínú àwọn yẹn ló ń dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Bingerville, ìlú tó di olú ìlú ní 1900 lẹ́yìn tí ibà pọ́njú ṣọṣẹ́ ní Grand-Bassam.

Láti Bingerville, àwọn tó tún mókè á wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal. Ọ̀nà yìí ni Félix Houphouët-Boigny gbà kó tó di ààrẹ àkọ́kọ́ Côte d'Ivoire. Ọ̀nà yìí náà ni Bernard Dadié, òǹkọ̀wé ńlá tí wọ́n bí ní Assinie, gbà.

Nínú ìwé rẹ̀, Climbié, tó jáde ní 1956, Dadié sọ nípa ohun kan tí wọ́n ń fi lé ọmọ tí wọ́n bá gbá mú tó ń sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ò ní bọ́ nínú ìtìjú yìí àyàfi tó bá rí ẹlòmíràn tó ṣe irú rẹ̀. Yorùbá tó bá ti san owó ìtanràn rí ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé ó sọ Yorùbá kò nílò àlàyé.

Tẹlifíṣàn dé abúlé tí kò ní iná

Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, ọmọ pọ̀, olùkọ́ kò tó. Ìjọba Houphouët-Boigny wá gbé ìgbésẹ̀ kan tí gbogbo ayé ń wò. Láti ọdún 1971, wọ́n ń fi tẹlifíṣàn kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bouaké ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà, ilẹ̀ Faransé, UNESCO àti Báǹkì Àgbáyé sì wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ abúlé kò ní iná mànàmáná, torí náà bátìrì ni wọ́n fi ń tan tẹlifíṣàn. Ilé ẹ̀kọ́ di ibi tí ọ̀pọ̀ ará abúlé ti kọ́kọ́ fojú kan tẹlifíṣàn. Àmọ́ owó tó ń gbọ́n lórí ètò náà pọ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òbí kò sì fara mọ́ ọn. Ní 1982, ìjọba dá a dúró.

Ẹ̀rọ lọ, ògiri kù. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà kù: yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó.

Àtíbàbà tó ń dúró de ìjọba

Bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé rèé. Ilé ẹ̀kọ́ tó súnmọ́ wọn jù wà ní abúlé mìíràn, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn òbí á pàdé. Wọ́n á gé igi, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àtíbàbà, èyí tí wọ́n ń pè ní apatam níbẹ̀. Wọ́n á wá ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé díẹ̀, wọ́n á máa dá owó àti oúnjẹ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá forí lé ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní IEPP, níbi tí alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ agbègbè náà wà. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ìjọba á rán olùkọ́ wá. Ilé oníbúlọ́ọ̀kù lè tẹ̀ lé e. Ó sì lè pẹ́ kó tó dé.

Yàrá mẹ́ta kò tó fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, torí pé kíláàsì mẹ́fà ló wà, láti CP1 dé CM2. Abúlé tó bá ní ilé kan ṣoṣo á da kíláàsì méjì pọ̀ sínú yàrá kan. Ọ̀rọ̀ ilé olùkọ́ náà tún wà níbẹ̀: olùkọ́ tí kò ríbi sùn kì í pẹ́ ní abúlé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ abúlé fi ń kọ́ ilé fún olùkọ́ kí wọ́n tó rò ó pé àwọn fẹ́ kún kíláàsì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Ará ìlú ló po amọ̀ ọ̀pọ̀ nínú ilé tí wọ́n kó wọn sí.

Ní Côte d'Ivoire, ogun tún wá bà á jẹ́. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì ní 2002, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sá kúrò ní àríwá. Rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìdìbò 2010 tún ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pa. Ní àwọn ibòmíràn, àwọn ọ̀dọ́ tó kù nílé ló dúró níwájú pátákó, kí àwọn ọmọ má bàa jókòó lásán.

Ike tí wọ́n dà nù di kíláàsì

Ní oṣù keje ọdún 2019, UNICEF àti ilé iṣẹ́ Conceptos Plásticos, tó wá láti Colombia, fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ kan lélẹ̀ ní Abidjan. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni pé kí wọ́n máa yọ́ ike tí àwọn èèyàn ti dà nù, kí wọ́n sì fi ṣe bíríkì tí wọ́n á fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Kí ìpìlẹ̀ náà tó délẹ̀, wọ́n ti kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án láti fi dán an wò, ní Gonzagueville tó wà ní etí òkun Abidjan, ní Divo àti ní Toumodi. UNICEF sọ nígbà náà pé orílẹ̀-èdè náà nílò yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ 15,000 sí i, pé àwọn kíláàsì kan wà tí ọmọ inú wọn lé ní 100, àti pé èrò àwọn ni láti kọ́ 500 fún ọmọ tó lé ní 25,000.

Kí ló dé tí wọ́n yan ike? UNICEF ní bíríkì náà dín owó kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun ìkọ́lé tó wọ́pọ̀, ó fúyẹ́ jù ú lọ, omi kì í wọ̀ ọ́, iná kì í sì í tètè mú un. Bíríkì náà ń wọ inú ara wọn, wọn kò nílò sìmẹ́ǹtì láàárín wọn. Fún abúlé tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kì í dé nígbà òjò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣa ike náà ní Abidjan ló jẹ́ obìnrin. Àwọn ìyá tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ wọn wà lára wọn.

Ilé nìkan kọ́

Láti ọdún 2015, òfin Côte d'Ivoire sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ láti ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìndínlógún wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba tún ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kéékèèké sí ìgbèríko, kí ọmọ tó jáde ní CM2 má bàa lọ gbé lọ́dọ̀ àjèjì nílùú nítorí ìwé.

Síbẹ̀, ilẹ̀kùn mìíràn wà tí bíríkì kò lè ṣí. Ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lè jókòó ní kíláàsì fún ọdún mélòó kan, àmọ́ tó bá di ìgbà ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CEPE, wọ́n á béèrè ìwé náà. Ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí sínú oko àti ọmọ àlejò ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń kàn jù. Òbí Yorùbá tó bá bímọ sí Côte d'Ivoire gbọ́dọ̀ tètè lọ forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n bí i.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn òbí tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àtíbàbà ní ìgbèríko Côte d'Ivoire ń ṣe méjèèjì pọ̀: wọ́n ń kọ́ ilé, kí wọ́n lè kọ́ ọmọ. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ìjọba ni olùkọ́ tí yóò dúró, àti páànù tí kò ní jò.