Ṣé o mọ̀? Níbi tí "over" bá jókòó sí ni ìtumọ̀ wà

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré náà, over, lè sọ ìrònú ẹnìkan di ìyìn tàbí àbùkù lédè Gẹ̀ẹ́sì? Bí ó bá tẹ̀lé think, tó di think over, ó túmọ̀ sí kí èèyàn fara balẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò kó tó fèsì. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ lè sọ pé, "Let me think it over": kò tíì gbà, kò sì tíì kọ̀. Ṣùgbọ́n bí over bá ṣíwájú, tó di overthink, ẹni náà ti ń ro àròjù nìyẹn.

Ẹnìkan lè jiyàn pé think over àti think about kò yàtọ̀, pé "ronú nípa" ni méjèèjì. Lóòótọ́ ni wọ́n sún mọ́ra, àmọ́ wo ibi tí it máa ń bọ́ sí. Think it over ni wọ́n ń sọ, wọn kì í sọ think over it; think about it ló sì wà, think it about kò sí. (Ọ̀rọ̀ orúkọ gidi ò ní wàhálà yìí: think the offer over dára, think over the offer náà dára.) Ìtumọ̀ wọn pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Èèyàn lè think about ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ láìní ìpinnu kankan láti ṣe. Ẹni tó ń think over nǹkan, èsì ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀.