Ìwé Ìjọ Àgùdà àti Ìtọpa Ìran ní Mẹ́síkò

Ẹni tí ó bá fẹ́ tọpa ìran rẹ̀ ní Mẹ́síkò kò lè yẹ ìwé ìjọ Àgùdà sílẹ̀, nítorí pé kí ìjọba Ààrẹ Benito Juárez tó fi òfin dá ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, tí wọ́n ń pè ní Registro Civil, sílẹ̀ ní ọdún 1859, fádà ni ó ń kọ orúkọ ẹni tí a bí, ẹni tí ó gbéyàwó àti ẹni tí ó kú. Ìpàdé ńlá tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣe ní ìlú Trent ni ó pàṣẹ ní ọdún 1563 pé kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò tí fádà kan ń bójú tó, máa tọ́jú ìwé ìsàmì àti ti ìgbéyàwó, àṣẹ náà sì múlẹ̀ ní Mẹ́síkò lábẹ́ ìjọba Sípéènì.

Ìwé ìjọba ni ó yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ mú, kí ó sì ti ibẹ̀ máa padà sẹ́yìn, torí pé ìwé ìbí sábà máa ń dárúkọ òbí àti àwọn òbí àgbà ní ìhà méjèèjì, ó sì máa ń sọ ìlú tí wọ́n ti wá. Ìlú yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ: José àti María kún inú gbogbo ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ onílẹ̀ ni kò sì ní orúkọ ìdílé, orúkọ ẹni mímọ́ méjì ni wọ́n ń jẹ́ pọ̀, èyí tí ọmọ ń jẹ́ sì lè má bá ti baba rẹ̀ mu.

Nínú ìwé ìsàmì, orúkọ ọmọ máa ń wà ní etí ojú ìwé, àkọsílẹ̀ fádà á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọjọ́ ìsàmì, orúkọ òbí, ti baba ìsàmì àti ìyá ìsàmì, tí wọ́n máa ń jẹ́ ẹbí nígbà mìíràn, àti bóyá hijo legítimo ni ọmọ náà, ìyẹn ọmọ tí òbí rẹ̀ ti gbéyàwó, tàbí hijo natural, ọmọ tí a bí láìsí ìgbéyàwó. Fádà tún máa ń kọ ẹ̀yà tí ènìyàn jẹ́, español, indio, mestizo tí í ṣe àdàlù ọmọ Sípéènì àti ọmọ onílẹ̀, tàbí mulato tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára rẹ̀, títí di ọdún 1822 tí ìjọba tuntun tí ó gba ipò Sípéènì fòfin de irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé orúkọ ẹ̀yà wọ̀nyí pátápátá, torí ẹni kan náà lè jẹ́ mulato ní ọjọ́ ìsàmì kí ó sì di mestizo ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Síbẹ̀ iyebíye ni wọ́n, pàápàá fún ìdílé tí ó ti gbàgbé pé ọmọ Áfíríkà wà nínú àwọn baba ńlá rẹ̀, tí ó wá bá a nínú ìwé pé ẹrú ni baba ńlá kan, pé “de nación Angola” ni, ìyẹn ọmọ ilẹ̀ Angola, tí wọ́n sì dárúkọ olówó rẹ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù lọ ni información matrimonial, ìwé ìwádìí tí fádà ń ṣe ṣáájú ìgbéyàwó, níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ti ń búra pé àwọn ti mọ ọkọ àti ìyàwó tipẹ́ àti pé kò sí ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́. Bí àwọn méjèèjì bá tan mọ́ ara wọn, wọ́n ní láti tọrọ dispensa, ìyọ̀ǹda ìjọ, wọ́n á sì to ìran wọn sílẹ̀ láti fi baba ńlá tí ó pa wọ́n pọ̀ hàn. Ojú ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè gbé olùwádìí kọjá ìran mẹ́rin.

Ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí ni ìjọ Mọ́mọ́nì ti yà sínú fíìmù láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, wọ́n sì wà lórí ìkànnì FamilySearch lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi tí iná, ikán tàbí ogun bá ti jẹ ìwé páríìṣì run, ìwé ìpíngún àti ìwé títa ilẹ̀ tí àwọn akọ̀wé òfin tọ́jú ni ó kù láti yẹ̀ wò, nítorí pé ìyá tí ó ń pín ohun ìní rẹ̀ sábà máa ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, alààyè àti òkú.